Afẹ́fẹ́ Kejì

Ní Punta Arenas, afẹ́fẹ́ ní ìwà bí ènìyàn.
Ó ń ṣí fìlà àlejò, ó ń tẹ igi sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.
Lóṣù kọkànlá wọ́n a ta okùn sẹ́bàá títì
kí arúgbó lè dì í mú, kó má baà di ewé.

Ogójì ọdún ni mo bá Eliecer gbé nínú rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ kò tán níta rí.
Ọ̀fun ọkọ mi ló ti tán.

Ó ń hanrun bí ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró.
Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ìdákẹ́ ni kò mọ́ mi lára.
Ìdákẹ́ a dé, màá ka ení, èjì,
màá kà dé ogún, kà dé ọgbọ̀n,
kó tó fa èémí bí ẹni ń fa garawa látinú kànga jíjìn.
Ẹni tó bá ti ka irú rẹ̀ rí
mọ̀ pé ogún pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ.

Ilé ìwòsàn fún wa ní ẹ̀rọ, kò ju páálí bàtà lọ,
pẹ̀lú rọ́bà gígùn àti ìbòmú.
Òru kìíní, ó já a sọnù láago kan.
Òru kejì, aago kan kò tíì lù.
Òru kẹta, ó ní òun kì í ṣe òmùwẹ̀ abẹ́ òkun,
ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sógiri.

Mi ò bá a jà.
Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń rẹ́ irun àgùntàn,
tó ń kọ́ ẹṣin tí kò tíì gba ìjánu.
Mo ní, “Ṣé ọjọ́ tí o mú ọmọ ẹṣin lo gbé gàárì lé e?”
Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹṣin ló ń rò.

Yasna tó ń tọ́jú èémí ló kọ́ wa bí imú ṣe ń gba ìjánu:
kó wọ ìbòmú lọ́sàn-án, kó má tan ẹ̀rọ,
kó máa gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, ìdajì eré.
Mo ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ í wọgbà.
Ó ní, “Ta ni ẹlẹ́dẹ̀?”
Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jò, tó ń fẹ́ sí i lójú.
Irùngbọ̀n ọdún mọ́kànlélógún!
Ó fá a fúnra rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.
Mo tún rí àgbọ̀n ọmọkùnrin tí mo fẹ́.

Imú rẹ̀ gbẹ; a bu omi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Òtútù yàrá sọ ọ́ di omi padà nínú rọ́bà,
ó kán sí i létè, ó fò dìde, ó ní òjò rọ̀ sí òun nímú.
Mo jókòó, mo hun ìbọ̀sẹ̀ fún rọ́bà náà,
irun àgùntàn aláwọ̀ eérú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì,
ìbọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ kan tí kò ní ọmọ ìka.
Mo rán aṣọ múlọ́múlọ́ sí okùn tó ń há a lẹ́rẹ̀kẹ́.
Yasna yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ:
kí afẹ́fẹ́ má ṣe já lù ú mọ́,
kó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

Kì í ṣe gbogbo òru ló dára.
Lánàá ó tún já a sọnù láago márùn-ún.
Ṣùgbọ́n láti aago mọ́kànlá, ó ti sùn.

Mo ní kí n kà. Ení. Èjì.
Kò jẹ́ kí n dé ẹ̀ta.
Èyí tó wà níta ń gbá páànù òrùlé, ó ń fẹ́ gbogbo ìlú.
Èyí tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló ń fẹ́,
ẹni tí èmi náà fẹ́.
Mo di rọ́bà náà mú bí wọ́n ti ń di okùn títì mú.

Aago mẹ́rin lù, ojú mi là sílẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣọ́ èémí yìí.
Ta ni yóò wá kọ́ èmi
bí a ti ń sùn?